Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Bí A Ṣe Ń Wá Ọ̀rọ̀ fún Ọwọ́, Ohùn àti Ìwà Nínú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, Èkó. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àyàfi ìwọ̀nba ibi tí mo gé kúrú.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, tí ẹ ti ojú ọjà yà síbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àforítì. Ẹ̀yin ọmọ mi tó kún iwájú yìí, SS2 àti SS3, ẹ kú ìjókòó. Ooru mú, mo mọ̀. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ta ló wọ dánfó wá síbí lónìí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Ojúẹlẹ́gba ni èmi ti wọ tèmi. Ọmọkùnrin tó ń gba owó ọkọ̀ sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé Yaba: “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o.” Nígbà àkọ́kọ́, ó kàn ń kéde ni, bí ẹni ń pe orúkọ ibùdókọ̀. Nígbà kejì, màmá àgbàlagbà kan ló sọ ọ́ fún. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi “Màmá, ẹ jọ̀ọ́” ṣáájú, ó di ẹ̀bẹ̀. Nígbà kẹta, ọkùnrin kan ti na ẹgbẹ̀rún náírà kan sí i. Ọmọ náà wo owó, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wá fa ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa okùn: “Ẹ wọlé... pẹ̀lú ṣéńjì yín... o.” Ọkùnrin náà dá owó padà sápò kíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣéńjì.

Ẹnu kan náà ló sọ ọ́, gbólóhùn kan náà ni. Kí ló wá yí padà?

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Ohùn. Èyí tí ẹ pè ní ohùn yẹn ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tone. Kò sí ọmọ kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ẹ fún ọmọ kan náà ní ewì Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ ní kí ó sọ ohùn tó wà níbẹ̀, yóò kọ “sad.” Bí kò bá kọ “sad,” yóò kọ “happy.” Ibo ni gbogbo etí tó gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ wá lọ?

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá mẹ́ńláǹdì yìí náà ni mo sì ti ń kọ́ wọn. Àrùn méjì ni mo ń rí lára ìwé wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo sọ tán yẹn, ọmọ tí gbogbo ewì ayé jẹ́ “sad” lójú rẹ̀. Ìkejì ni ọmọ tó ti ra ìwé pélébé, tó há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí láti A dé Z. Mo kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan. Ọlọ́pọlọ pípé ni. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni sardonic, ìyẹn ohùn ẹ̀rín kíkorò. Ó rí i nínú eré oníṣe, ó rí i nínú ìtàn àròsọ, títí tó fi rí i nínú ewì kan níbi tí ìyá ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyá gbé ọmọ jókòó lórí itan, ó ń kọrin fún un kí ó sùn, ọmọ wa ní ohùn ìyá náà sardonic! Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Wọ́n kàn gbé agbádá wọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni.

Àrùn méjèèjì, orírun kan náà ni wọ́n ní. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà pé nígbà tí ìwé bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀lára inú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà wọ́n fi etí tí a bí mọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn baba wa ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé wá nìyí: ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá tó gún régé, kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu lọ.

Ìmọ̀ràn yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1843, Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rò ó wò bí ó ṣe jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó mú ọ̀rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ ti fi bá a sọ̀rọ̀ rí, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bi ara rẹ̀ pé, “Kí gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí?” Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: Irinṣẹ́ mẹ́ta

Style, tone, character. Mẹ́ta yìí ni wọ́n máa ń bi yín. Ẹ jẹ́ kí a tú wọn wò, nítorí bí a bá mọ ilé tí àlejò ti wá, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà wá mọ́.

Style wá láti inú stilus, ọ̀rọ̀ èdè Látìn. Irinṣẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, tí àwọn ará Róòmù fi ń kọ̀wé sórí wàláà tí wọ́n fi ìda bò. Ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, òun ni wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń kọ̀wé ló wá di orúkọ fún bí ènìyàn ṣe ń kọ̀wé. Ṣé ó ṣòro? Àwa náà kì í wo aṣọ òfì kí á tó sọ pé, “Ọwọ́ lágbájá nìyí”? Ọwọ́ ahunṣọ, ọwọ́ onídìrí, ọwọ́ òǹkọ̀wé, ọ̀kan náà ni.

Tone wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì. Tonos ni wọ́n ń pè é, ó túmọ̀ sí kí a fa okùn kí ó le. Ta ló ti súnmọ́ ìyá ìlù dùndún rí? Ẹ ti rí ọ̀sán tó so awọ méjèèjì pọ̀. Onílù á fún un mọ́ ìhà, ohùn á lọ sókè. Á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Gíríìkì tó pe okùn fífà ní tonos àti àyàn tó ń fún ọ̀sán mọ́ ìhà ní Muṣin, ohun kan náà ni wọ́n mọ̀.

Character náà, Gíríìkì ni. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ àmì sára owó ẹyọ ni kharaktēr. Àmì tí a tẹ̀ mọ́ nǹkan lára, tí ẹni tó bá rí i á fi dá a mọ̀. Yorùbá pe tirẹ̀ ní ìwà.

Ọwọ́, ohùn, ìwà. Kò sí àjèjì kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: Ohùn

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró pẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti ń ṣubú jù.

Ìyá tó bí ìyá mi ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Òyìngbò. Kò kàwé. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ̀gbẹ́ igbá ẹja ni mo máa ń jókòó sí. Oníbàárà á dé, á sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á lọ. Ìyá àgbà á wá sọ fún mi pé, “Ti èyí, àwàdà ni. Ó máa padà wá.” Òmíràn á tún rẹ́rìn-ín lọ. Ìyá àgbà á ní, “Èyí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wọ léèsì fi ìka méjì péré gbé ẹja kan sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹja yín mà dára o, Màmá,” ó sì jù ú sílẹ̀. Mo ní, “Ìyá àgbà, ó yìn yín!” Wọ́n ní, “Ẹ̀gàn nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ lo gbọ́, o ò wo ìka rẹ̀.”

Ẹ má gbàgbé ìka yẹn, a óò padà sí i.

Ẹ wá wo ohun tí ìyá tí kò kàwé yìí ní lápò. Àwàdà: Gẹ̀ẹ́sì á ní humorous. Ẹ̀fẹ̀ tí a fi ń ṣeré lásán: playful. Yẹ̀yẹ́: mocking. Ẹ̀sín, tí a fi ń dójú ti ènìyàn níwájú ogunlọ́gọ̀: derisive. Ẹ̀gàn, tó ń wo ẹlòmíràn bí ẹni tí kò tó nǹkan: contemptuous. Ẹ rí i pé mi ò fún yín ní ọ̀rọ̀ márùn-ún láti há sórí. Ẹ ti ní márùn-ún tẹ́lẹ̀, orúkọ kejì wọn ni mo kàn sọ fún yín.

Sarcastic ńkọ́? Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí kí a ya ẹran ara ni ó ti wá. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tó ń gún ni lára. Ó máa ń dà bí ìyìn lẹ́nu, bí ó bá sì wọlé, á ya ẹran. Obìnrin oníléèsì yẹn, sarcastic ni gbólóhùn rẹ̀, contemptuous ni ìwà tó fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè wà níbi kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Satirical ni ẹ̀fẹ̀ tó níṣẹ́ tó ń jẹ́. Ẹ lọ wo òru Ẹ̀fẹ̀ níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, níbi tí eléfẹ̀ ti ń fi orin tú àṣírí oníwàkiwà ìlú, tí gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, tí ẹni tọ́rọ̀ kàn náà jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ìlú tún ṣe. Bí ẹ bá rí òǹkọ̀wé tó ń fi àwọn olóṣèlú rẹ́rìn-ín kí ìlú lè tún ṣe, satirical ni kí ẹ kọ. Bí ó bá kàn ń rẹ́rìn-ín wọn nítorí ó kórìíra wọn, ẹ wá òmíràn.

Sardonic tí ọmọ mi fẹ́ràn yẹn wá ńkọ́? Òun ni ẹ̀rín tó korò bí ewúro. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Bí ẹ̀rín yẹn bá fi ẹnu ṣẹ́ díẹ̀ lásán, tí ó ń gba kámú, wry ni. Bí ó bá ní oró nínú, tó ń bú ayé tó ṣe é bẹ́ẹ̀, sardonic ni. Ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, tó dúró lójú títì tó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tọ́jú mi gan-an ni,” ẹ wo ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ṣẹ́ sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a mú “sad” yẹn fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo kọ́. Ìwé rẹ̀ mẹ́rin ni mo mú, ewì mẹ́rin, “sad” mẹ́rin. Mo pè é sí yàrá àwọn olùkọ́. Mo ní kí ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Mo ka ewì kìíní sókè fún un, mo ní, “Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe?” Ó rò ó, ó ní, “Ó ń dárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, mà.” Èkejì ńkọ́? “Àárò ìlú rẹ̀ ló ń sọ ọ́.” Ẹ̀kẹta? “Èyí kábàámọ̀ ohun tó ṣe.” Ẹ̀kẹrin? Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, “Mà, èyí ti sọ̀rètí nù. Kò tiẹ̀ sunkún mọ́.”

Ẹ̀yin olùkọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọmọ tó kọ “sad” mẹ́rin ló fún mi ní nǹkan mẹ́rin tí ó yàtọ̀ bí ìka ọwọ́! Ìdárò: elegiac, ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú ìrònú. Àárò: wistful, tàbí nostalgic bí ó bá jẹ́ ayé àtijọ́ ni ọkàn ń fà sí. Àbámọ̀: remorseful bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá wúwo, rueful bí ó bá jẹ́ àṣìṣe tí ènìyàn ń mi orí sí. Sísọ ìrètí nù: despondent. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ má jẹ́ kí “sad” dí yín lójú.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ohùn méjì ló ń jà nínú ọ̀fun kan. Èkó tiwa yìí ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ. Láàrin 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí I. B. Thomas jẹ́ olótùú rẹ̀, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n, arẹwà Èkó tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, tí àìsàn wá dá sílẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́. Kí ló mú wọn gbà bẹ́ẹ̀? Ohùn rẹ̀ ni. Ó ń ronú pìwà dà, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé orí ẹwà rẹ̀ àtijọ́ àti fàájì Èkó ìgbà náà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń banú jẹ́ nítorí ayé tó jẹ, àárò ayé náà sì ń sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ remorseful nìkan kò tíì gbọ́ ìdajì. Ẹni tó bá kọ nostalgic nìkan kò gbọ́ ìdajì kejì. Ọkàn tó pín sí méjì báyìí, ambivalent ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí ohùn bá sì ti ibì kan yí sí ibòmíràn, ẹ fi ìka síbẹ̀, kí ẹ sọ ìlà tó ti yí. Èmi máa ń fún ọmọ tó bá rí ibi tí ohùn ti yí ní máàkì tọkàntọkàn.

Ọ̀rọ̀ kẹta: Ọwọ́ òǹkọ̀wé

Èyí kò ní gùn. Bí wọ́n bá bi yín nípa style, ẹ wo gígùn gbólóhùn, ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tó ṣà, ẹ wo ohun tó ń sọ léraléra. Ó parí.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń dájọ́. Laconic àti curt, méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ṣókí. Ṣùgbọ́n laconic ní iyì. Lákóníà, ilẹ̀ àwọn ará Sípátà ní Gíríìsì, ni wọ́n ti mú un. Ìtàn sọ pé Ọba Philip ti Masidóníà ránṣẹ́ sí wọn pé bí òun bá wọ ilẹ̀ wọn, òun yóò pa á run. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi fèsì: “Bí.” Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Curt ní tirẹ̀, àìnísùúrù ló wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó dáni lóhùn tó sì ti kọ ẹ̀yìn sí ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lódì kejì. Ẹnì kan kọ nínú ìwé ìdánwò pé ọwọ́ Fágúnwà, nínú ìtàn Ògbójú Ọdẹ tó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, jẹ́ verbose. Inú mi bàjẹ́. Verbose ni ẹni tó lo ọ̀rọ̀ ogún níbi tí márùn-ún ti tó. Fágúnwà ń to ọ̀rọ̀ bí onílù ṣe ń to ìlù, ó ń wí i, ó ń tún un wí, kí ara wa lè yá gágá. Exuberant ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́, tàbí ornate, ọ̀rọ̀ tó kún fún ọ̀ṣọ́. Ẹni tó pe àwítúnwí apohùn ní àsọjù kò tíì gbọ́ ìjálá rí.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: Ìwà ẹ̀dá ìtàn

Ọ̀pọ̀ yín ti ka Things Fall Apart, ìwé Chinua Achebe tó jáde ní 1958. Mo bi kíláàsì kan pé irú ènìyàn wo ni Okonkwo. Wọ́n ní, “Wicked!” Mo ní ó dáa, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n ní, “Ìkà ni.” Ṣé ìkà ni lóòótọ́?

Kíláàsì pín sí méjì, ariwo sọ. Ọmọkùnrin kan ní Okonkwo na ìyàwó rẹ̀ nínú Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú. Èmi ní, “Wọ́n rán an létí pé èèwọ̀ ni, kí ló dé tí kò dáwọ́ dúró?” Ọmọ náà ní, “Inú fùfù, mà. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.” Impetuous nìyẹn! Ọmọbìnrin kan wá dìde. Ó ní kí a wo ọjọ́ tí wọ́n mú Ikemefuna lọ sínú igbó. Àgbàlagbà kan ti kìlọ̀ fún Okonkwo pé ọmọ náà ń pè é ní bàbá, kí ó má ṣe lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Ó lọ. Ọmọ náà sáré tọ̀ ọ́ wá, ó ń pè é ní bàbá, Okonkwo sì fi àdá ṣá a. Kí nìdí? Ìwé náà sọ ọ́ kedere: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má pè é ní ojo. Ọmọbìnrin yìí ní, “Mà, ìkà máa ń gbádùn ìkà. Èyí kò gbádùn rẹ̀. Kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ojo tó ń sá fún orúkọ ojo ni.”

Kíláàsì dákẹ́. Ojo tó ń sá fún orúkọ ojo. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń sá fún Unoka bàbá rẹ̀, ọ̀lẹ onífèrè tó kú sínú gbèsè. Gẹ̀ẹ́sì fún un ni insecure, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nípa ara rẹ̀. Ẹ wá lè fi domineering tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú ló sábà máa ń fi agbára jẹ gàba nílé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ṣe di ara wọn mú, bí òkúta àdògán. Wicked nìkan kò lè gbé ìkòkò yẹn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba àwọn tí ẹ máa ń ṣì mú. Frugal ni ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Miserly ni ahun. Bí ẹ bá pe ìyá tó ń tọ́jú owó iléèwé yín ní miserly, ẹ ti bú u. Childlike ni ọkàn mímọ́ bíi ti ọmọdé, childish ni ìwà ọmọdé lára àgbà. Notorious kì í ṣe olókìkí rere o, ẹ jọ̀ọ́! Olókìkí búburú ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìkíni ọjọ́ ìbí. Taciturn ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Reticent ní ọ̀rọ̀ nínú, ó fi pamọ́ ni. Garrulous ni aláròyé tí kò mọ ibi tí yóò dúró sí.

Obsequious ṣòro fún àwọn ọmọ ní ìlú ibòmíràn, ṣùgbọ́n fún ọmọ Yorùbá, ó yẹ kó rọrùn, bí ó bá mọ ìyàtọ̀ kan. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe obsequious. Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe obsequious. Ọ̀wọ̀ ni, respectful tàbí deferential ni. Ìgbà tí ènìyàn bá dọ̀bálẹ̀ nítorí ohun tí yóò jẹ, tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín, tó ń gbé báàgì ọ̀gá tí ọ̀gá kò ní kí ó gbé, ìgbà náà ni a dé ibẹ̀. Mo ti ka àlàyé tí àwọn àjèjì ṣe lórí eré oníṣe wa, tí wọ́n pe ọmọ tó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ní obsequious. Ẹ̀yin lẹ máa tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ìtumọ̀ orúnkún yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: Ìka wà níbo?

Ẹ rántí ìyá àgbà: “Ẹnu rẹ̀ lo gbọ́, o ò wo ìka rẹ̀.” Bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ yín, contemptuous, insecure, ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹ bi ara yín pé: ìka wà níbo? Ìlà wo? Ọ̀rọ̀ wo nínú ìlà náà? Nínú ìdánwò WAEC, ìwé kejì tó dá lórí ìtàn àròsọ àti ìwé kẹta tó dá lórí eré oníṣe àti ewì, àròkọ lẹ ń kọ níbẹ̀. Ẹni tó ń máàkì kò sí lọ́kàn yín. Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ mú un dé ibi tí ìka wà. Ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ kékeré tó sì fi ìka hàn mí sàn lójú mi ju ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kò rí nǹkan kan tọ́ka sí.

Ó yá, ẹ yọ ìwé yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ ó bá wa ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìpínrọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa kà á.

“Obìnrin náà gbé agbádá ọkọ rẹ̀ olóògbé jáde nínú àpótí. Ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Ó tú u. Ó fi ọwọ́ na ibi tó wé, ó tún un ṣẹ́ po. Àwọn ọmọ ń pè é nísàlẹ̀ pé ọkọ̀ ti dé. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀. Ó tún un tú.”

Kí ni ìṣesí obìnrin yìí? Ẹ má tíì kọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ kan ní inú rẹ̀ bàjẹ́. Mo ní a ti mọ ìyẹn. Òmíràn ní ó ń ṣàárò ọkọ rẹ̀. Mo ní ó súnmọ́ ọ, ìka wà níbo? Ó ní agbádá. Gbọ̀ngàn dákẹ́ díẹ̀. Ìyá kan nawọ́ lẹ́yìn pátápátá, ó dìde, ó ní kí n má bínú, òun kò kàwé débi kankan, Tejúoṣó ni òun ti ń ta aṣọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ sọ ọ́.”

Ó ní, “Aṣọ yẹn ti ká tipẹ́. Èmi ń ká aṣọ lójoojúmọ́, mo mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ kó ká tán ni. Bó bá ti ká tán, ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n tún un sọ, kí gbogbo ilé gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Ọmọkùnrin SS2 kan ní ìlà kejì na ọwọ́ sókè, ó ní, “Reluctant, mà. Ìka wà níbi tó ti tún un tú.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sójú pátákó, mo sì kọ ọ̀rọ̀ Màmá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.